Àlejò Kọ́ Ló Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Wọ́n



A máa ń gbọ́ ọ ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde níbí pé àlejò ló pọ̀ jù tí iṣẹ́ fi wọ́n. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n sáré wálé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Ṣàgàrí san án padà: ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó lọ, ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. (Orúkọ báàgì wọn ṣì wà lẹ́nu wa.)

Ǹjẹ́ iṣẹ́ wá pọ̀ bí? Ní 1984, ìjọba ológun dá òṣìṣẹ́ dúró rẹpẹtẹ.

Ǹjẹ́ a dín kù? Ìkànìyàn 1991 lé ní mílíọ̀nù 88, ti 2006 lé ní mílíọ̀nù 140. Ọmọ tí a bí nílé ni o! Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Mushin, ọ̀hún ni wọ́n ti kà wọ́n.

Nítorí náà, bí àlejò bá wọ ilé iṣẹ́ yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kí ọ̀gá tó fi owó táṣẹ́rẹ́ gbà á síṣẹ́ dípò yín.