Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ríra Ìpín Kọ́ńpìnnì Ilẹ̀ Òkèèrè

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níwájú ìpàdé gbogbogbòò ti ẹ̀ka wa)

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí lórí ìbéèrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń bi wá: ǹjẹ́ ó yẹ kí oníṣòwò kékeré bí tiwa mú díẹ̀ nínú owó tó fi pamọ́, kí ó fi ra ìpín, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní ṣíà, nínú kọ́ńpìnnì ilẹ̀ òkèèrè? Ìwé tí mo kà kò ju ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ẹrù láti gúúsù wá sí òkè ọya mọ ohun tí à ń pè ní ewu, ọ̀rọ̀ ewu sì ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi obì ṣe àpẹẹrẹ. Oníṣòwò tó bá ní ogójì apẹ̀rẹ̀ obì kì í kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ kan. Yóò pín in sí ọkọ̀ mẹ́rin, nítorí bí ọ̀kan bá dojú dé lọ́nà, mẹ́ta yóò gúnlẹ̀. Ọgbọ́n yìí náà ni Harry Markowitz, ará Amẹ́ríkà, fi ìṣirò gbé kalẹ̀ ní ọdún 1952, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1990. Ní ọdún 1974 ni Bruno Solnik fi hàn pé ẹni tó pín owó rẹ̀ sí kọ́ńpìnnì púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń ru ewu tó kéré sí ti ẹni tó pín in sí kọ́ńpìnnì púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: nígbà tí ọ̀dá bá dá níbì kan, òjò lè máa rọ̀ níbòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rò ó síwájú. Bí ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ní láti gba orí afárá kan ṣoṣo kọjá, tí afárá náà sì já, kí ni èrè pípín tí a pín ẹrù? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọjà ìpín ayé nìyí. Nígbà tí wọ́n dá ọjà ìpín Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1960, tí títà àti rírà sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1961, ọjà kálukú dá dúró ní àyè tirẹ̀. Òfin ọdún 1962 kò jẹ́ kí owó wọlé tàbí kí ó jáde bó ṣe wù ú. Ní ọdún 1995, ìjọba fagi lé òfin náà, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn àjèjì láti wá ra ìpín níhìn-ín. Lónìí, ẹni tó jókòó sí London lè ta ìpín rẹ̀ ní Èkó kí a tó parí ìpàdé yìí. Ọ̀nà tó bá mú owó wọlé ni ìbẹ̀rù ń bá wọlé.

A rí i ní ọdún 2008. Ní oṣù kẹta ọdún náà, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iye ìpín lọ́jà Èkó kọjá 66,000. Nígbà tí yóò fi di òpin oṣù kẹta ọdún 2009, kò tó 21,000 mọ́. Ẹni tí ìpín rẹ̀ tẹ̀lé òṣùwọ̀n yẹn, tó sì ní 300,000 náírà, kò ní tó 100,000 mọ́. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó: àwọn báńkì ilé wa ti yá ènìyàn lówó láti fi ra ìpín, nígbà tí iye sì ń wálẹ̀, gbogbo wọn sáré tà kí wọ́n lè san gbèsè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, Lehman Brothers, báńkì ńlá kan ní New York, wó lulẹ̀. Àwọn àjèjì tó ní ìpín lọ́dọ̀ wa tà á kí wọ́n lè fi dí ihò tó wà nílé wọn. Owó epo rọ̀bì, tó ti kọjá 140 dọ́là fún àgbá kan ní oṣù keje, wá sí ìsàlẹ̀ 40 dọ́là ní oṣù kejìlá. London ṣubú, Tokyo ṣubú, Johannesburg ṣubú, Èkó náà ṣubú. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Nítorí náà, ṣé pípín kò wúlò mọ́ ni? Rárá o. Ẹ wo ọdún 2020. Nígbà tí àrùn Kòrónà ń tàn kálẹ̀ ní oṣù kẹta, àwọn ọjà ayé tún ṣubú pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún parí, ọjà Èkó ti fi bí ìdajì lé ibi tó wà nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọjà London ṣì wà nísàlẹ̀ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè ṣubú lọ́jọ́ kan náà, wọn kì í dìde lọ́jọ́ kan náà. Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí: pípín owó sí ilẹ̀ púpọ̀ ń gba ẹni tó lè dúró là, kì í gba ẹni tí ìlò ń lé là.

Ìdí kejì ni owó tí à ń ná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ bí 461 náírà ní iye ìjọba. Ní òpin ọdún náà, ó ti di bí 907. Ní ọdún yẹn kan náà, ọjà Èkó fi bí 45 lé orí ọgọ́rùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó fi 100,000 náírà bẹ̀rẹ̀ ní ohun tó tó 217 dọ́là. Nígbà tó parí ọdún, ó ní 145,000 náírà, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n kò ju bí 160 dọ́là lọ. Aṣọ, ẹ̀rọ àti òògùn tí à ń tà, púpọ̀ nínú wọn ló ń tẹ̀lé dọ́là. Ó jèrè nínú ìwé, ó pàdánù nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Òffà, Ìlọrin àti Ẹ̀jìgbò tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún fi ilé, ọjà àti gbèsè tí ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀. N kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ibi tí a ń gbé yìí ni a ti rí oúnjẹ jẹ, àwọn onílé wa sì ń ṣe dáadáa sí wa. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù wa, ilé tí a kọ́ sí ìlú wa, àti owó àjọ wa, náírà ni gbogbo wọn. A pín in sí ìlú méjì, a kò tíì pín in sí ọ̀nà méjì. A kò sì lè gé yàrá kan kúrò lára ilé láti fi san owó ilé-ìwé.

Báwo ni a ó ṣe wá ṣe é?

Èkíní, owó ọjà, owó ilé-ìwé àti owó àìsàn kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìpín rárá, yálà nílé tàbí lókèèrè. Owó tí ènìyàn kò ní bèèrè fún ọdún márùn-ún ni kí ó lò.

Èkejì, ẹ bèèrè afárá tí ọkọ̀ ń gbà. Ìpín Airtel Africa wà lọ́jà London àti ti Èkó láti ọdún 2019, ilẹ̀ mẹ́rìnlá ló sì ti ń ṣòwò. Síbẹ̀, ní ọdún ìṣirò tó parí ní oṣù kẹta ọdún 2024, ó pàdánù 89 mílíọ̀nù dọ́là, wíwálẹ̀ náírà ló sì fa púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Bákan náà, àwọn àpò àjùmọ̀ní kan wà tí ń gba dọ́là lọ́wọ́ wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi í yá ìjọba Nàìjíríà kan náà lówó. Owó yàtọ̀, afárá kò yàtọ̀. Ẹ ka ìwé wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà tó súnmọ́ wa wà. Láti ọdún 1998 ni ọjà ìpín kan ti wà ní Abidjan fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Benin àti Togo wà nínú wọn. Owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ so mọ́ owó yúrò, kò tẹ̀lé náírà. Àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò tó ní ẹbí níbẹ̀ mọ owó náà dáadáa. Láti ọdún 2022 ni ètò kan sì ti ń so ọjà Èkó pọ̀ mọ́ ti Abidjan, Nairobi àti Johannesburg.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fún ẹni tí Àjọ SEC kò fún ní ìwé àṣẹ lówó. Ẹ rántí MMM, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Ẹni tó bá ṣèlérí èrè tí kì í yẹ̀ lóṣooṣù, ẹ sá fún un.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ orúkọ ajogún yín sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún aya tàbí ọkọ yín. Ìpín tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀, ikú lè sọ ọ́ di ti ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò ní a fẹ́ kó owó Nàìjíríà lọ sí òkèèrè. Èmi kò sọ pé kí a kó gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú mẹ́wàá tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìlò, kí méje tàbí mẹ́jọ wà nílé, kí méjì tàbí mẹ́ta gba ọ̀nà mìíràn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ìgbìmọ̀ pe alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ wá sí ìpàdé wa, kí ó dáhùn ìbéèrè ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má sì san kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fi èyí sílẹ̀ fún ilé láti gbé yẹ̀ wò.