Káúńtì Macon ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti Ẹ̀kọ́ tí Ó Kọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́)

 

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ ní kí a wá bá yín sọ̀rọ̀, a rò ó pé bí ó bá jẹ́ ti ìlú wa nìkan ni a ń sọ lọ́dọọdún, ojú ara wa nìkan ni a óò máa wò. Àwọn àgbà sì wí pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Nítorí náà, oko ẹlòmíràn ni a fẹ́ mú yín dé lónìí.

Káúńtì Macon wà ní apá ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń pè ní káúńtì kò jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 610 máìlì onígun mẹ́rin. Tuskegee ni olú-ìlú rẹ̀. Àwọn ìlú kéékèèké bí Notasulga, Shorter àti Franklin sì wà níbẹ̀. Odò Tallapoosa ń ṣàn ní ìhà àríwá rẹ̀. Igbó ọba kan wà níbẹ̀ tí ó kéré jù lọ nínú àwọn igbó irú rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà, nǹkan bí 11,000 éékà. Ilẹ̀ oko tí òwú ti jẹ gbó ni igbó náà tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó rà á, kí wọ́n sì tó gbin igi sí i.

Àwọn ẹ̀yà Muscogee, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Creek, ni ó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà. Ní 1832 ni wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún náà gan-an ni a dá káúńtì sílẹ̀, tí a sì fi orúkọ Nathaniel Macon, òṣèlú kan láti Àríwá Carolina, pè é. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí a fi ipá lé àwọn onílẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn olóko òwú wá rọ́pò wọn, wọ́n sì kó ẹrú wá, àwọn ènìyàn dúdú tí a ti kó àwọn baba ńlá wọn kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, àwọn tí ó ro oko náà kò ní ilẹ̀, kò sì sí ìwé lórí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe dé ibẹ̀. Ní 1880, òṣèlú òyìnbó kan ń wá ìbò àwọn ènìyàn dúdú. Ó tọ Lewis Adams lọ, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ páànù. Adams kò béèrè owó fún ara rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a óò ti máa kọ́ àwọn olùkọ́ ni ó béèrè. Ìjọba gbà, wọ́n sì fi 2,000 dọ́là lọ́dún sílẹ̀ fún owó oṣù olùkọ́ nìkan. Kò sí ilẹ̀, kò sí ilé. Booker T. Washington, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a bí sínú oko ẹrú, ni a pè wá ṣe olórí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje, 1881, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 30 akẹ́kọ̀ọ́ nínú àgọ́ kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n ń mọ bíríkì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìléru bíríkì náà bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí owó tán, Washington mú agogo rẹ̀ lọ fi dógò fún 15 dọ́là, wọ́n sì gbìyànjú nígbà kẹrin. Ó jóná dáradára. Àwa tí a jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kì í gbọ́ ìtàn yìí kí orí wa má wú.

Ní 1896, George Washington Carver dé láti máa kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó rí i pé òwú ti pa ilẹ̀ náà, ó sì kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti máa gbin ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún kí ilẹ̀ lè sọ jí. Láti 1906, a ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé ẹ̀kọ́ náà tọ àwọn tí kò lè wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ nínú oko wọn. Òkìkí náà dé ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín: ní ìparí 1900, olùkọ́ kan àti mẹ́ta nínú àwọn tí ó jáde ní Tuskegee wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tógò, tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, láti kọ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ọ̀gbìn òwú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pìtàn kò gbọdọ̀ pa apá kan mọ́. Ní 1932, àwọn dókítà ìjọba Amẹ́ríkà dé Káúńtì Macon. Wọ́n kó nǹkan bí 600 ọkùnrin dúdú jọ, àgbẹ̀ tálákà ni ọ̀pọ̀ wọn. 399 nínú wọn ní àrùn sífílíìsì. Wọ́n sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ burúkú ni a ń tọ́jú. Wọ́n fún wọn ní oúnjẹ, wọ́n fi ọkọ̀ gbé wọn, wọ́n sì ṣèlérí owó ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni láti mọ bí àrùn náà ti ń ba ara jẹ́ títí a ó fi kú. Nígbà tí oògùn pẹnisílínì tí ó lè wò ó di ohun tí ó wọ́pọ̀, wọn kò fún wọn. Ogójì ọdún ni èyí fi lọ, títí ìwé ìròyìn fi tú u síta ní 1972. Ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń yìn yìí náà wà lára àwọn ibi tí a ti lò fún iṣẹ́ náà. Ní 1997 ni Ààrẹ Clinton tọrọ àforíjì lórúkọ orílẹ̀-èdè. Mẹ́jọ péré ni ó kù láàyè nínú àwọn ọkùnrin náà.

Ìtàn kẹta kan ẹgbẹ́ bí irú tiwa gbọ̀ngbọ̀n. Charles Gomillion, olùkọ́ ní Tuskegee, jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú kan níbẹ̀. Wọ́n ń forúkọ ènìyàn sílẹ̀ láti dìbò, díẹ̀díẹ̀. Ní 1957, àwọn aṣòfin Alabama yí ààlà ìlú náà padà: ìlú tí ó ní igun mẹ́rin di oní-igun 28. Nínú nǹkan bí 400 olùdìbò dúdú, mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni ó kù nínú ìlú. Kò sí òyìnbó kan tí ó bọ́ síta. Àwọn ará ìlú kò ju òkò. Wọ́n dẹ́kun ríra ọjà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí kò ṣe tiwọn, wọ́n sì gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní oṣù kọkànlá, 1960, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn láre. Ní 1966, wọ́n fi ìbò yan Lucius Amerson, ènìyàn dúdú, sí ipò olórí ọlọ́pàá káúńtì náà.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a mú bọ̀. Èkíní, Adams ní àǹfààní láti gba owó sí àpò, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ìlú yóò jẹ ni ó béèrè. Nígbà tí ìbò bá tún dé, kí ni àwa yóò béèrè?

Èkejì, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbé ìrànlọ́wọ́ wọ̀lú ni ó ń ranni lọ́wọ́. Bí àlejò bá ní òun fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wa, tàbí kí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé, ẹ jẹ́ kí Ẹgbẹ́ yìí kọ́kọ́ béèrè: kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe, kí ni yóò sì tẹ̀yìn rẹ̀ wá? Kí àwa tí a mọ̀wé má sì ṣe jẹ́ ẹni tí yóò sin àlejò bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn wá jù. Ní 1950, ènìyàn 30,561 ni a kà ní Káúńtì Macon. Ní 2020, ó ti di 19,532. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti di yunifásítì, òkìkí rẹ̀ sì kàn káyé, síbẹ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ ń lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò lè dá ọmọ dúró sílé bí kò bá sí iṣẹ́ tí yóò fi ẹ̀kọ́ náà ṣe. Nígbà tí a bá ń dá owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a máa ronú iṣẹ́ tí yóò pè wọ́n padà. Àwọn tí ó wà lókè òkun kò ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n bọ̀ wá bá ilé ní ahoro.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run fi ìfẹ́ sí àárín wa, kí ìlú wa má bàjẹ́ ní ọwọ́ wa.