Bí A Ti Ń Tọ́jú Ara Ọkọ̀ Kí A Tó Fi Pọ́líṣì Kàn Án

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí iṣẹ́ kan tí púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò kà sí iṣẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni owó wọn ti ń jò lọ. Iṣẹ́ náà ni bí ó ti yẹ kí a wẹ ara ọkọ̀ mọ́, kí a sì tún un ṣe, kí a tó fi pọ́líṣì kàn án.

Gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn ọkọ̀ tí ń dán. Bí ọdún Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, awakọ̀ èrò yóò ra agolo pọ́líṣì kan, yóò mú àkísà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára rẹ̀ ra á mọ́ ara ọkọ̀. Ní ọjọ́ náà ọkọ̀ yóò dán. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ọjọ́ kejì bá ràn sí i lára, yóò rí i pé ilà tín-ín-rín tí ó dà bí òwú aláǹtakùn ti bo gbogbo rẹ̀. Yóò wá máa dá ẹni tí ó ta pọ́líṣì fún un lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, pọ́líṣì kọ́ ni ó jẹ̀bi. Eruku tí a kò kọ́kọ́ mú kúrò ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà.

Ó yẹ kí ènìyàn mọ ohun tí ó wà lára ọkọ̀. Lórí irin, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ a máa kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí irin tètè dípẹtà. Lẹ́yìn èyí ni wọn a kun ọ̀dà aláwọ̀, ìbáà ṣe pupa tàbí funfun. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí a ti ṣe láti nǹkan bí ọdún 1990 wá, ọ̀dà mìíràn tí ó mọ́ gaara bí dígí ni ó bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀dà gaara yìí ni ń dán, òun náà sì ni asà tí ń gba ìyà oòrùn àti òjò. Ó sábà máa ń nípọn tó nǹkan bí ìdá 1 nínú 20 mìlímítà, èyí tí kò tó ewé kan nínú ìwé tí ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́.

Pọ́líṣì gidi ní àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ nínú tí ń ha díẹ̀ kúrò lára ọ̀dà gaara náà, kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí a bá fi pọ́líṣì dán ọkọ̀ ni asà rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i. Bí ó bá tán, kò sí pọ́líṣì tí ó lè dá a padà. Oòrùn yóò ṣá ọ̀dà aláwọ̀, irin yóò sì dípẹtà nígbà tí ó bá yá. Nígbà náà ni ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò kó owó tí ìbá fi san owó iléèwé ọmọ fún àwọn tí ń kun ọkọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni ewu yìí pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ a máa gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, yóò sì bà lé ara ọkọ̀. Ó rọ̀ lójú, ṣùgbọ́n yanrìn wẹ́wẹ́ irú èyí tí a fi ń ṣe dígí wà nínú rẹ̀, ó sì le ju ọ̀dà ọkọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi àkísà gbígbẹ nù ún ń fi yanrìn ha ọkọ̀ ara rẹ̀ ni.

Ohun kìíní tí ó yẹ ní ṣíṣe ni fífọ̀. Kí a gbé ọkọ̀ sí abẹ́ òjìji, kí ara rẹ̀ sì tutù. Kí a kọ́kọ́ da omi púpọ̀ lé e lórí kí eruku lè ṣàn lọ kí ọwọ́ tó kàn án. Garawa méjì ni ó yẹ: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán tí a ó máa fi ṣan kànìnkànìn. Ọṣẹ tí a ṣe fún ọkọ̀ ni ó dára. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ le jù, hóró rẹ̀ tí kò bá sì yọ́ tán lè ha ọ̀dà. Láti orí ọkọ̀ ni kí a ti máa fọ̀ ọ́ bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ pọ̀ sí. Kànìnkànìn tí a fi fọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kan ara ọkọ̀ rárá. Èyí tí ó bá jábọ́ sílẹ̀, kí a má ṣe lò ó mọ́ títí a ó fi fọ̀ ọ́ dáadáa.

Ohun kejì ni àwọn ìdọ̀tí tí ó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ ẹyẹ, kí a fi aṣọ tútù bò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó lè rọ̀. Kí a má ṣe fi èékánná ha á. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà dúdú tí ó ta sí i láti ojú títì, kí a fi kẹrosíìnì díẹ̀ sí aṣọ rírọ̀, kí a rọra nù ún, kí a sì fi omi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ kíákíá. Kí iná má ṣe wà nítòsí. A kò gbọdọ̀ lo epo bẹntiróòlù.

Ohun kẹta ni àyẹ̀wò. Kí a ki ọwọ́ bọ inú àpò ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a sì rọra fi pa ara ọkọ̀ tí a ti fọ̀. Bí ó bá ń ta ọwọ́ gbúngbùngbún, ìdọ̀tí tí ojú kò rí ṣì wà níbẹ̀. Amọ̀ kan wà fún irú èyí, tí ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀ Jàpáànù wá. Kì í ṣe amọ̀ tí a fi ń mọ ìkòkò. Ẹni tí ó bá lo ìyẹn yóò ba ọkọ̀ jẹ́. Kí a fi omi ọṣẹ rin ojú ibẹ̀, kí a fà á lọ fà á bọ̀ láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí a sì máa ká a kí ojú rẹ̀ tí ó mọ́ lè wà lóde. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kí a sọ ọ́ nù.

Ohun kẹrin ni gbígbẹ. Kí a tẹ́ aṣọ ìnura tí ó mọ́, tí ó sì rọ̀ lé ara ọkọ̀, kí ó fa omi náà mu. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, omi yóò fi àpá sílẹ̀.

Níkẹyìn, kí a fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ilà tí èékánná bá ń kọ́ nínú rẹ̀ ti jìn ju ohun tí pọ́líṣì lè mú kúrò lọ. Kí a fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń kun ọkọ̀. Kí a fi téèpù bo etí rọ́bà, kí a sì dán pọ́líṣì wò ní ibi kékeré tí kò hàn síta. Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá yọ sára aṣọ funfun, ọkọ̀ náà kò ní ọ̀dà gaara lórí, ó sì gba ìṣọ́ra.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kò sí àgbẹ̀ tí í gbin iṣu sínú igbó tí a kò ṣán. Kí awakọ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń fọ ọkọ̀ jẹun ní ibùdókọ̀ fi èyí sọ́kàn. Ọ̀dọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí dáadáa yóò ní oníbàárà, ọkọ̀ tí a bá sì tọ́jú báyìí yóò pẹ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀.