Iwájú Ilé Tí Ó Di Igbó: Bí A Ṣe Lè Sọ Ọ́ Di Ọgbà

Àsọyé fún àwọn ará Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá, Ìgàndò àti gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́



Abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Alímọ̀ṣọ́ wà kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ní ayé ìgbà náà, bí wolé-wolé bá yọ lókèèrè, kíá ni onílé ti ń sá gbé àdá. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba ológun ya òwúrọ̀ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó. Ní ọdún 2016 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ìséraró náà dúró. Ṣùgbọ́n yálà òfin sé ènìyàn mọ́lé tàbí kò sé e, onílé ni ó ni ojú ilé rẹ̀. Níbi tí ayálégbé pọ̀ sí, olúkúlùkù a máa rò pé ẹlòmíràn ni yóò ro ó, bẹ́ẹ̀ ni igbó yóò sì kún dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun àkọ́kọ́ ni ààbò. Ejò a máa fara pamọ́ sínú koríko gíga. Kí ẹni tí yóò ṣán igbó wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ dé orókùn, kí ó fi ọ̀pá gígùn lu koríko níwájú rẹ̀, kí ó sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, a kò gbọdọ̀ sín ojú egbò náà ní gbẹ́rẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu fa oró rẹ̀. Kí ẹni náà má ṣe rìn, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kíákíá. Ọ̀kan wà ní Ìgàndò fún gbogbo Alímọ̀ṣọ́.

Ṣáájú kí àdá tó balẹ̀, kí onílé sàmì sí ohun tí yóò dá sí: igi tí ó ń fúnni ní ibòji, àgbọn, ewúro, pẹ̀rẹ̀gún etí ọgbà. Ọdún pípẹ́ ni igi fi ń dàgbà. Wákàtí kan tó láti gé e lulẹ̀.

Ọ̀tá méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Èkínní ni ewé tí àwọn àgbà ń pè ní Akíntọ́lá, èyí tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń tú irúgbìn, afẹ́fẹ́ a sì gbé e káàkiri. Nítorí náà, kí a fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ó tó tanná. Èkejì ni èkan. Ẹni tí ó gé èkan lórí kò tíì ṣe nǹkan kan, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Kí a fi ọkọ́ hú u, kí a ṣa gbòǹgbò funfun rẹ̀, kí a sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Èyí tí a bá gbàgbé sínú ilẹ̀ yóò tún hù.

Ní ẹkùn Mono ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ gbin mùkúnà, ìbátan wèrèpè tí kì í yúnni lára. Ewé rẹ̀ bo èkan mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kí ó rí oòrùn, ó sì tún ilẹ̀ ṣe.

Iná kọ́ ni àtúnṣe. Ó lè ran ilé aládùúgbò, èkan a sì tún rú lẹ́yìn iná. Bákan náà ni oògùn apakoríko léwu níbi tí kànga wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat, nítorí májèlé gidi ni.

Koríko tí a ṣán kò gbọdọ̀ wọ inú gọ́tà, nítorí ibẹ̀ ni àgbàrá ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí a kó o jọ sí igun kan kí ó jẹrà di ajílẹ̀. Agolo àti táyà tí a bá rí nínú igbó náà ni kí a kó dànù, nítorí inú omi tí ó dúró sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀pọ̀ onílé a máa fẹ́ da sìmẹ́ńtì bo gbogbo rẹ̀. Èyí kò dára. Ilẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó ń mu omi òjò. Ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì dí yóò lé omi náà lọ sí ilé ẹlòmíràn. Ojú ọ̀nà tí a ń rìn nìkan ni kí a tẹ́. Kí a gbin koríko kúkúrú sí ìyókù, ewúro àti efinrin sí ẹ̀gbẹ́, àti igi kan tí ó jìnnà sí ògiri àti kànga.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a ṣán igbó, kí òjò àkọ́rọ̀ lè bá ilẹ̀ ní mímúra sílẹ̀. Bí agbára kò bá ká gbogbo rẹ̀, kí a ṣe apá kan ní ọ̀sẹ̀ kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kí àwọn tí ó jọ ń gbé ilé kan fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, kí wọ́n pín iṣẹ́ náà láàrin ara wọn, kí igbó má baà tún gba ohun tí ọwọ́ wọn ti tún ṣe.