Ẹ má tíì ju àga àtijọ́ yẹn nù: bí mo ṣe tún àga bàbá mi ṣe nílé

(Ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ohùn mẹ́rin ni ádímínì fi ránṣẹ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò tó àti àwọn tó ṣì wà lọ́jà nígbà náà.)

OHÙN KÌN-ÍN-NÍ

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Wuse dé, ẹ̀yin ará Utako, ẹ̀yin ará Nyanya tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ mú lójú ọ̀nà, ẹ kú làálàá. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo, ẹ má bínú, jẹnẹrétọ̀ alábàágbé mi ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa fi fọ́tò àga kan síbí. Ó ní òun fẹ́ kó lọ sílé tuntun, pé ta ló fẹ́ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ kí òun tó jù ú sí ààtàn. Mo wo fọ́tò yẹn, àánú ṣe mí. Òdòdó ni wọ́n gbẹ́ sí orí ẹ̀yìn àga náà, apá rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ kìnnìún. Aṣọ orí rẹ̀ nìkan ló gbó! Mo ní kó dúró ná, kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí lórí àga bàbá mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lálẹ́ yìí: egungun àga ni àga. Aṣọ àti fóòmù, ẹ̀wù lásán ni. A kì í torí pé ẹ̀wù gbó ká sin ẹni tó wọ̀ ọ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi ní Èkó. Ìkòyí ló ti ra àga yìí, níbi tí wọ́n ti ń lu ẹrù ilé òyìnbó kan ní gbàǹjo. Nígbà tí ìjọba kó wá sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló kó tẹ̀lé e, inú ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ni èmi àti àga yẹn jọ wà. Bàbá mi ò gbà kí ọmọ kankan fò lé e. Orí rẹ̀ ló ti ń ka ìwé ìròyìn. Orí rẹ̀ náà ló jókòó sí nígbà tó pè mí, tó ní owó láti tẹ̀síwájú lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá ò sí, kí n lọ kọ́ òwò aṣọ. Nígbà tó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín nǹkan, ẹnikẹ́ni ò mú àga. Màámi ló ní kí n gbé e.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan pé kí wọ́n bá mi tún un ṣe. Mi ò ní dárúkọ wọn o, ẹ má wá bi mí ní kọ̀rọ̀. Wọ́n gbowó, wọ́n fi aṣọ dídán bò ó, ó rẹwà lójú. Kò pé oṣù mẹ́rin, ìjókòó rẹ̀ rì. Màámi jókòó lé e, ó rì wọlé, àwa méjì la fà á dìde. Ó wo àga náà, ó ní, "Àga bàbá rẹ kọ́ nìyí mọ́." Láti ọjọ́ náà, kò jókòó lé e mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ.

OHÙN KEJÌ

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ káfíńtà. Bàbá Káfíńtà la ń pè wọ́n. Mo lọ kí wọn, mo ro ẹjọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìyá Aláṣọ, gbé e wá sí ẹ̀yìn ilé. Ìwọ mọ aṣọ, èmi mọ igi. Sùúrù ló kù, ṣé o ní in?" Mo ní mo ní in.

A dojú àga bolẹ̀, a ṣí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí sípíríǹgì níbẹ̀ mọ́! Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Plywood pẹlẹbẹ ni wọ́n kàn sí i, wọ́n wá kó èérún fóòmù àti ọ̀rá jọ sórí rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Bàbá jẹ́ kí n sunkún tán. Wọ́n wá fi ọ̀bẹ ha abẹ́ igi náà díẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀gànwó ni. Wọ́n ní, "Wọn ò lè jí èyí." Wọ́n fi ojú ìsopọ̀ rẹ̀ hàn mí: wọn ò fi ìṣó kàn án rárá. Wọ́n gbẹ́ ihò sínú igi kan, wọ́n gbẹ́ ahọ́n sí ẹnu èkejì, wọ́n kì í bọ̀ ọ́. Ẹni tó ṣe é fi irin fa ìlà kéékèèké sí ibi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè mọ ihò tirẹ̀. Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ báyìí ò kánjú.

Iṣẹ́ igi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Èkó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé láyé ìgbà náà, káfíńtà àti bíríkìlà pọ̀ nínú wọn. Ọwọ́ wọn ló kọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Torí náà, kí ẹ tó ju àga nù, tàbí kí ẹ tó ra tòkúnbọ̀, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ gbé e. Igi gidi wúwo. Èkejì, ẹ di apá rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín. Bó bá ń mì, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ti kú, ìyẹn ṣeé tún ṣe. Ẹ̀kẹta, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ẹ ó rí ihò wínníwínní. Bí lẹ́búlẹ́bú igi bá ń dà jáde, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé e wọlé títí ẹ ó fi pa wọ́n. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gún ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ọ̀bẹ wọlé bí ẹni gún búrẹ́dì, ìkán ti jẹ ẹ́ tán. Ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ jù nù.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀. Ọdún 1962 ni Vitafoam bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí fóòmù tó gbòde, òwú àràbà tàbí èékánná èèpo àgbọn ni wọ́n ń kì sínú àga àti tìmùtìmù. Bí ẹ bá bá ìyẹn nínú àga yín, àgbà ni, ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

OHÙN KẸTA

Iṣẹ́ wá yá. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú mẹ́fà la fi ṣe é, torí mi ò lè ti ṣọ́ọ̀bù mi.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya á láti iwájú, ẹ̀yìn àti abẹ́. Bí ẹ bá ti ń tú u, ẹ máa yà á lọ. Abẹ́ la kọ́kọ́ ń tú, ká tó kan aṣọ ẹ̀yìn, ká tó dé ìjókòó. Súkúdíráfà pẹlẹbẹ, hámà kékeré àti píláyà ti tó. Ẹ má ya aṣọ àtijọ́ dànù o! Ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára, òun ni ẹ ó tẹ́ sórí aṣọ tuntun láti fi gé e.

Ibi tó ń mì, ẹ tú u, ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò. Bó bá le, ẹ fi àkísà tí ẹ rì sínú omi gbígbóná lé e, á rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò sí i, kí ẹ dì í. Àwa ò ní irin ìdìgi. Túùbù táyà tó ti bẹ́ ni Bàbá gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fà á, wọ́n wé e yí àga ká, ó fún un pinpin. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má kan ìṣó sí ojú ìsopọ̀ láéláé, igi á là, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn yín á ṣépè.

Ibi òdòdó, ọwọ́ mi kọ́kọ́ ń yá. Mo ti gbé sáńpépà. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní sáńpépà á jẹ imú òdòdó náà, kò sì ní hù padà. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti omi ọṣẹ díẹ̀ la fi fọ̀ ọ́, a sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi òwú kan sípíríìtì, wọ́n fi ra abẹ́ àga níbi tí ojú ò tó. Àwọ̀ rẹ̀ yọ́, ó lẹ̀ mọ́ òwú. Wọ́n ní shellac nìyẹn, ohun tí wọ́n ń rí lára kòkòrò kan ní Íńdíà. Bó bá ti yọ́ báyìí, ẹ ò nílò láti bó o. Ẹ kàn fi shellac tuntun tí ẹ pò mọ́ sípíríìtì pa á, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó gbẹ, kí ẹ tún pa á.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ìta gbangba ni ká ti ṣe é, kí ó jìnnà sí gáàsì, sítóòfù àti sìgá, torí iná ń yára gbá sípíríìtì. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀dà àtijọ́ ni wọ́n fi kun àga yín, ẹ má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, pàápàá níbi tí ọmọdé wà. Òjé lè wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà yẹn, májèlé sì ni.

OHÙN KẸRIN

Ó ku ìjókòó. Bàbá rí sípíríǹgì mẹ́sàn-án fún mi ní pàǹtẹ́kà, lára àga kan tó ti ṣẹ́. Fóòmù àti okùn pẹlẹbẹ, ọjà àga ní Kugbo ni mo ti rà á. A fa okùn náà le, a hun ún bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. A rán sípíríǹgì mọ́ ọn, a sì fi okùn so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ara wọn lọ́nà mẹ́jọ, kí ìkankan má baà yẹ̀. A tẹ́ àpò ìdọ̀họ lé e, òwú díẹ̀, fóòmù ínǹṣì méjì, lẹ́yìn náà tẹ́rù funfun.

Lórí fóòmù, ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá ká ọwọ́ kúrò tó padà sókè kíákíá, ẹ rà á. Bó bá ń ronú kó tó dìde, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Aṣọ wá ni tèmi. Ẹ má fi àǹkárá ṣe é, kò ní pẹ́ gbó. Aṣọ tó nípọn ni, àrán náà dára. Ẹ fọwọ́ pa àrán wò, kí irun rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ síwájú àga. Irú àga tí apá rẹ̀ jẹ́ igi báyìí, yáàdì méjì àbọ̀ aṣọ tó fẹ̀ ní ínǹṣì 54 tó fún tèmi. Èyí tí aṣọ bò látòkè délẹ̀ lè gbà tó mẹ́fà tàbí méje. Ẹ wọn ìjókòó lẹ́yìn tí fóòmù ti wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú, kí ẹ sì fi ínǹṣì mẹ́rin kún un. Bí ẹ bá fẹ́ kàn án, àárín iwájú lẹ ó kọ́kọ́ kàn, ká fà á sí àárín ẹ̀yìn, ká wá kan àárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Láti àárín ni ká máa lọ sí igun. Ẹni tó bá ti igun bẹ̀rẹ̀, aṣọ rẹ̀ á wọ́. Èmi náà ti igun bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tú gbogbo rẹ̀.

Gbogbo owó tí mo ná ò tó ìdajì ohun tí mo san fún ṣọ́ọ̀bù ọjọ́sí, ká má tíì sọ ti àga tuntun.

Nígbà tí a ṣe é tán, mi ò sọ fún Màámi. Mo kàn gbé e sí ààyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n wọlé, wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ tẹ ìjókòó lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Wọ́n jókòó. Wọ́n fọwọ́ pa apá àga, wọ́n ní, "Ẹ bá mi bu omi wá." Wọn ò dìde níbẹ̀ títí a fi jẹun alẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tí kò fẹ́ ẹ níjọ́sí ti ń bèèrè rẹ̀ báyìí o. Mo ní kó lọ ra tirẹ̀ ní gbàǹjo.

Ẹ̀yin ará mi, a ti kúrò nílé tipẹ́. Lándílọ́ọ̀dù fowó lé owó ilé, a kó, a tún kó, ní gbogbo ìgbà tí a bá ń kó la máa ń ju nǹkan nù. Kí a máa ṣí abẹ́ wò kí a tó jù ú. Ìwọ tó fi fọ́tò síbí, má jù ú. Gbé e wá sí ẹ̀yìn ilé mi lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bàbá Káfíńtà á wà níbẹ̀. Ra fóòmù tìrẹ dání, má sì gbàgbé oúnjẹ Bàbá.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má fi ìpolówó sí i o, mo ń wò yín. Ó dàárọ̀. Ọjà á tà fún gbogbo wa.