Ibi tí ó yẹ kí á gbé ẹ̀rọ POS sí àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń gbé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀)



Láti ọdún 2012, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fi Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò dídín owó bébà kù, ni ẹ̀rọ POS ti ń tàn kálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí náírà wọ́n bí ojú, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ yìí ṣòwò ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti rí owó ọbẹ̀. Lónìí, láti Boundary ní Ajégúnlẹ̀ títí dé ẹ̀bá èbúté Àpápá, àwọn ọmọ wa ń jẹun nídìí rẹ̀.

Oníbàárà kan fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà ṣájà ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀rọ sì já lulẹ̀. Kò fọ́, ṣùgbọ́n ó kọ iṣẹ́. Ó gbé e fún ẹni tí ń tún fóònù ṣe. Bí ìyẹn ti tú u ni ó kú pátápátá. Kí ni ó fà á? Àṣírí tí ẹ̀rọ náà fi ń bá báńkì sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń tú òun, yóò pa àṣírí náà rẹ́ fúnra rẹ̀, kí olè má baà jí i. Ìṣubú líle pàápàá lè mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí ó fún yín ní ẹ̀rọ nìkan ni kí ẹ gbé e padà fún.

Ẹ gbé e sórí tábìlì tí kò mì, kí ó jìnnà sí etí rẹ̀, kí wáyà má sì dábùú ọ̀nà. Ẹ má ṣe fi í sínú oòrùn: ooru a máa ba bátìrì jẹ́, a sì máa sọ bébà rìsíìtì di dúdú, nítorí ooru ni ẹ̀rọ náà fi ń kọ̀wé, kì í ṣe tádàá. Bátìrì tí ó bá wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì gún un. Nígbà òjò, tí omi ń ya wọ ìsọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ibi gíga ni kí ó sùn. Bí omi bá kàn án, ẹ pa á, ẹ má sì fi iná sí i. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi máa nù ún, nítorí afẹ́fẹ́ òkun a máa jẹ irin.

Ẹ jẹ́ kí oníkáàdì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki káàdì bọ̀ ọ́, kí ó sì tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ níbi tí ẹnìkan kò ti lè yọjú wò ó. Ẹ má sì yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ lọ sí ibòmíràn: ní ọdún 2025, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa fi ibi tí ó wà hàn.

Ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi, bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ kí àbúrò yín lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ẹ fi owó tábìlì tí ó lágbára àti agboòrùn tí ó gbòòrò kún un. Owó tí ó ń gba inú ẹ̀rọ náà kọjá, owó olówó ni. Ẹni tí ó bá tọ́jú ẹ̀rọ, orúkọ rere ni ó ń tọ́jú. Kí Ọlọ́run bù sí ọrọ̀ ajé wa.