Kí Ló Dé Tí Ọ̀kadà Yín Ń Yìnbọn?

Tí ẹ bá dẹwọ́ iná, tí sàlẹ́ńsà ọ̀kadà yín wá ń dún "pó! pó!", ẹ má tíì ra kábúrétọ̀ tuntun.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Tí gáásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ bá ti jó, afẹ́fẹ́ á máa wọlé, epo tí kò jó tán á sì gbiná nínú sàlẹ́ńsà.

Tí ibẹ̀ bá dáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo ni kò tó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ wá súkúrúù tó ń pín epo àti afẹ́fẹ́ lára kábúrétọ̀. Tó bá wà lápá ẹ́ńjìnnì, ẹ tú u díẹ̀. Tó bá wà lápá fíltà, ẹ dè é díẹ̀. Kó má ju ìdá kan nínú 4 ìyípo lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gùn ún wò. Tí púlọ́ọ̀gì bá ń dúdú, epo ti pọ̀ jù nìyẹn.

Ẹ má fi í ṣeré o: ẹ́ńjìnnì tí kò rí epo tó, gbígbóná ló ń bá a jẹ́.